Òjé Tí A Fi Sí Ìdí Ọba

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to àwọn ère kéékèèké náà sórí tábìlì tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Akọ̀wé Lásísì ní Ọ̀kà, mo sì gbójú sókè kí òun àti Tíṣà Àgbà lè yìn mí. Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kan ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ wá. Kò tilẹ̀ le. Irú èyí tí kò lè ṣí fìlà lórí èèyàn ni. Àwọn olorì ló kọ́kọ́ lọ, nítorí pé gèlè wọn ga. Àwọn ẹlẹ́ṣin tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ náà yóò fi rọlẹ̀, ọba méjèèjì ti fẹ̀yìn lélẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kan ti já bọ́ sí ilẹ̀, adìyẹ Akọ̀wé sì ti gbé ọ̀kan nínú wọn sẹ́nu, ó ń sá lọ.

"Lé e," ni Akọ̀wé wí fún mi. "Àgbẹ̀ mi nìyẹn."

Mo lé adìyẹ náà yí ilé ká kí ó tó tu àgbẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ́ èjìká rẹ̀ ti ṣẹ́. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti tún gbogbo rẹ̀ tò, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré. Eré sì ń gbóná lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ kejì dé. Èyí ló wá dá ìjà sílẹ̀, nítorí Tíṣà Àgbà, ẹni tí wọ́n jọ ń ta á, na ọwọ́ láti gbé àwọn tó ṣubú dìde, Akọ̀wé sì di ọwọ́ náà mú.

"Tíṣà Àgbà, ẹlẹ́ṣin yín kò sí níbẹ̀ yẹn."

"Níbo ló wà?"

"Ẹ̀yìn àlùfáà ló wà."

"Afẹ́fẹ́ ló gbé e síbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wá ta á fún yín nígbà náà."

Wọn kò parí eré ọjọ́ náà. Tíṣà Àgbà kó gbogbo ère padà sínú agbọ̀n mi, ó fi aṣọ bò wọ́n bí ẹni bo òkú. "Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ère rẹ̀ rẹwà," ó wí. "Sọ fún un pé èyí tó lè dúró la fẹ́." Mo gun kẹ̀kẹ́ padà sí Ìkàrẹ́, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ lu ara wọn nínú agbọ̀n lẹ́yìn mi.

Ẹni tí kò bá mọ eré náà, ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè é. Èèyàn méjì ló ń ta á lórí pátákó tí wọ́n kùn ní dúdú àti funfun. Oníkálukú ní ọba, olorì, àlùfáà, ẹlẹ́ṣin, ilé gogoro, àti ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tó tò síwájú. Ẹni tó bá ká ọba ẹnìkejì mọ́ tí kò fi rí ibi sá sí, òun ló borí. Akọ̀wé Lásísì, tí í ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ní Ọ̀kà, kọ́ ọ lọ́wọ́ ọmọ ogun Íńdíà kan nígbà tí ó lọ jagun ní Bọ́má. Tíṣà Àgbà, tí í ṣe ọ̀gá ilé ìwé kan ní Ìkàrẹ́, kọ́ ọ nígbà tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ta ní gbogbo agbègbè wa, nítorí náà wọn kò lè bá ara wọn jà kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Ní Sátidé kan, Akọ̀wé á wá sí Ìkàrẹ́. Ní Sátidé kejì, Tíṣà Àgbà á gun òkè lọ sí Ọ̀kà.

Ìdérí ìgò ni wọ́n ti ń fi ta á láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn lórí, wọ́n kọ "ọba" sí èyí, "olorì" sí tọ̀hún. Mùsùlùmí ni Akọ̀wé, ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò nìkan ló ń lò. Tíṣà Àgbà kì í sọ ibi tí ó ti ń rí tirẹ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àwọn méjèèjì pawọ́ pọ̀ wá bá ọ̀gá mi pé kí ó gbẹ́ ère gidi fún àwọn.

Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni gbogbo Ìkàrẹ́ ń pe ọ̀gá mi, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde tí kò ní fi jẹ́jẹ́ síwájú. Bí ilé bá ń jó, jẹ́jẹ́ ni yóò fi pe àwọn èèyàn. Ìdílé tó ti ń gbẹ́ òpó ààfin láti ìgbà àwọn baba ńlá rẹ̀ ni ó ti wá, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti lọ sí Ọ̀wọ̀ láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀gún, ìyẹn ni pé ó ń gbẹ́ ère tí kò ju ìka lọ. Ẹ̀gún ara igi àràbà la ń lò. Àwọn ẹ̀gún náà máa ń tóbi tó àtàǹpàkò, wọ́n sì rọ̀ bí ọṣẹ lábẹ́ ọ̀bẹ. Èyí tó funfun bí ẹ̀kọ wà nínú wọn, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú wà, èyí tó dúdú bí obì tó gbẹ náà wà, nítorí náà a kì í kun ère ní ọ̀dà. Ẹ̀gún dúdú la fi ń ṣe ojú àti ọwọ́, ẹ̀gún funfun la fi ń ṣe aṣọ. A ó sì fi ìrẹsì tí a sè títí tó fi rọ̀ jọ̀jọ̀ lẹ̀ wọ́n pọ̀.

Ère ṣẹ́ẹ̀sì wọ̀nyí dùn mọ́ wa láti gbẹ́. Ọ̀gá ní òun kò ní gbẹ́ ilé gogoro tí òun kò rí rí, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni òun yóò gbẹ́. Ọmọ ogun di àgbẹ̀ tó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká. Àlùfáà apá Ìkàrẹ́ dé fìlà bíṣọ́ọ̀bù, àlùfáà apá Ọ̀kà wé láwàní, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a ṣe ojúsàájú. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ̀gún kò ní ni ìwúwo. Bí o bá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, o ní láti wò ó kí o tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ lásán fún mi. Mo ti ka Sítáńdáàdì Síìsì kí n tó di ọmọ iṣẹ́, mo sì ti yege nínú ìdánwò láti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n fẹ́ kí a wọlé, ọdún tí mo bá Ọ̀gá ṣe àdéhùn kò sì tíì pé. Ìyá mi, tó ń dáko ní Ùgbè, wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tú mi sílẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, ìyá," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ dìde. Mi ò ní kó má lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá tú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ́ni. Ère Akọ̀wé àti Tíṣà Àgbà wà níwájú yìí. Kí ó ṣe é. Bí àwọn méjèèjì bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ náà ni mo yọ̀ǹda rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a padà, á jókòó tì mí títí àdéhùn wa á fi pé."

Ẹ lè wá mọ bí ara mi ṣe rí nígbà tí mo gbé agbọ̀n padà wọ ilé iṣẹ́. Mo ro ẹjọ́ afẹ́fẹ́ àti adìyẹ. Ọ̀gá gbọ́ tán, ó fi àtàǹpàkò nu ẹnu ọ̀bẹ rẹ̀.

"Jẹ́jẹ́. Èyí tí afẹ́fẹ́ dá padà, mi ò kà á. Èyí tí èèyàn bá dá padà ni màá kà. Wá nǹkan fi sí wọn nídìí."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí n ó fi sí ìdí ère nìyẹn. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo kọ́kọ́ lò, nítorí òkúta kò wọ́n wa ní Àkókó. Mo gbẹ́ ihò sí abẹ́ ère, mo kó òkúta sí i, mo dí i. Wọ́n dúró dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé ọ̀kan, yóò dún. Ọ̀gá gbé olorì kan, ó mì í sí etí. "Ṣé oyún ló ní ni?" ó bi mí.

Mo yọ òkúta kúrò, mo po yanrìn mọ́ ìrẹsì jíjinná, mo kì í sínú ihò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èèrà ti gbọ́ òórùn ìrẹsì. Wọ́n tò wọ inú gbogbo ọmọ ogun Ìkàrẹ́, wọn kò tilẹ̀ wo apá Ọ̀kà. Ọ̀gá ní ó hàn gbangba pé wọ́n mọ ibi tí oúnjẹ wà. Mo tọ alágbẹ̀dẹ lọ, ó fún mi ní ìyẹ̀fun irin tó ń bọ́ lára ọkọ́ tí ó ń rin. Ìyẹn náà wúwo, ṣùgbọ́n ó dípẹtà, ó sì ń fi àmì pupa sílẹ̀ níbi gbogbo tí ère bá jókòó sí, bíi ti ọmọdé tó jókòó lé epo.

Òjé ni mo wá já sí. Awakọ̀ kan ní ibùdókọ̀ Ìkàrẹ́ fún mi ní bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ tó ti kú, mo fọ́ ọ, mo kó òjé inú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, mo gbé e ka iná. Òjé kì í pẹ́ yọ́. Mo dojú ẹlẹ́ṣin kan bolẹ̀, mo sì da òjé gbígbóná sí ihò ìdí rẹ̀. Ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín nímú. Ẹni tó gùn ún ń rú èéfín lábẹ́ agbádá.

Ọ̀gá kò dìde níbi tó jókòó. "Ọkọ̀ ojú irin lo ń gbẹ́?"

Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ́ mi ní èyí tó yẹ. Ó ní kí n fi ìka ṣe àmì róbótó sínú amọ̀ tútù, kí n jẹ́ kí amọ̀ náà gbẹ, kí n tó da òjé sí i. Bí ó bá tutù, yóò dà bí kọ́bọ̀ kékeré. Èyí ni n ó wá fi ìrẹsì lẹ̀ mọ́ inú ihò, n ó sì gé aṣọ fìlà àtijọ́ fi bò ó lábẹ́, kí èèrà má rí ìrẹsì, kí òjé má sì ha pátákó. Ó kọ́ mi pé kì í ṣe bí òjé ṣe pọ̀ tó ló ń mú ère dúró, ibi tí ó wà ni. Ó gbọ́dọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì gbọ́dọ̀ wà láàárín. Bí ó bá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ère á máa tẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Olorì ń fẹ́ òjé ju ẹlẹ́ṣin lọ, nítorí gèlè. Mo rò pé ẹlẹ́ṣin ni yóò fẹ́ ju, Ọ̀gá sì ní n kò tíì gbéyàwó ni.

Mo fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn nígbà tí mo ṣe díẹ̀ tán, wọn kò mì. Ọ̀gá ní abẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́. Ó fa aáṣáà símú, ó sún mọ́ wọn, ó sì sín lé wọn lórí. Àgbẹ̀ kan ṣubú. Mo tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò láti ọjọ́ náà lọ, èmi ń fi òjé sí wọn, Ọ̀gá ń sín.

Mo ti lọ sí yunifásítì lẹ́yìn ìgbà náà, mo ti jókòó sí ọ́fíìsì níbi tí afẹ́fẹ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ mi láìgba àyè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ tí mo ṣe níbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n n kò lè nawọ́ sí ọ̀kan nínú rẹ̀ kí n sọ pé ó wà lórí tábìlì, ó dúró. Bí mo bá jókòó báyìí tí mo ń ronú iṣẹ́ tí mo ṣe láyé, òórùn òjé àti aáṣáà ló ń wá sí mi nímú.

Nígbà tí ó ku àwọn ọba méjèèjì nìkan, Ọ̀gá bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń fi ọba ṣe bí eré bá parí?"

"Ẹni tí wọ́n bá borí á fi ọwọ́ ti ọba tirẹ̀, sà, á dùbúlẹ̀. Ìyẹn ni pé ó gbà."

Ọ̀gá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ọba?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Níwájú àwọn àgbẹ̀?"

"Níwájú gbogbo wọn, sà."

"Jẹ́jẹ́," ni Ọ̀gá wí, ṣùgbọ́n mi ò rò pé èmi ló ń bá wí. Ó na ọwọ́ sí mi. "Kó àwọn ọba wá. Èmi ni màá ṣe ìdí wọn."

Ó bá wọn jókòó fún ọjọ́ bí mélòó kan. Nígbà tí ó ṣe wọ́n tán, ó wé wọn sínú aṣọ, ó so ó, ó ní kí n má tú u títí n ó fi dé Ọ̀kà. Kérésìmesì ti kọjá nígbà náà. Sátidé yẹn ló kù tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò fi ṣílẹ̀kùn.

Èrò díẹ̀ ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Akọ̀wé nígbà tí mo dé, àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ti gbọ́ nípa adìyẹ tí wọ́n sì ń retí kí ó tún ṣe é. Ìyàwó Akọ̀wé, Ìyá Múrí, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo to gbogbo ère, mo wá tú aṣọ, mo gbé àwọn ọba jáde. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ìdí wọn. Gbogbo ère yòókù ní ìdí pẹlẹbẹ. Ti ọba rí róbótó bí ìdí ẹyin, òjé sì kún un pọ́npọ́n. Mo gbé wọn kalẹ̀. Wọ́n mì díẹ̀ síwá sẹ́yìn, wọ́n sì nàró.

Kò pẹ́ rárá tí afẹ́fẹ́ fi dé, ó sì le ju ti ìṣáájú lọ. Ó gbé ekuru, ó ká aṣọ tí Ìyá Múrí sá. Olorì kò mì. Ẹlẹ́ṣin kò mì. Àwọn ọba nìkan ló ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń dáhùn ìkíni.

"Ọba ń kí wa," ni ọkùnrin kan wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Tíṣà Àgbà fi ìka kan olorì rẹ̀ lórí, ó tún kàn án. "Ọ̀gá rẹ gbìyànjú," ó sọ fún mi. Ọkàn mi fò lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ti ń wá ibùsùn tó dára.

Wọ́n ta eré náà pẹ́. Nígbà tí ó yá, Tíṣà Àgbà mú ẹlẹ́ṣin rẹ̀ bọ́ sí àárín ilé Akọ̀wé, kò sì sí ibi tí ọba Ọ̀kà tún lè yà sí. Akọ̀wé wò ó lọ wò ó bọ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa, Tíṣà Àgbà. Ẹ ti mú mi lónìí." Ó fi ìka kan ti ọba rẹ̀ lórí. Ọba dùbúlẹ̀. Akọ̀wé ká ọwọ́ kúrò. Ọba dìde.

Akọ̀wé tún tì í. Ó tún dìde. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dúró díẹ̀ kí ó tó rọra ká ọwọ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tí kò fẹ́ sùn. Ọba dìde kíákíá, ó sì ń mi orí sí i.

"Ọba kọ̀," ni ẹnì kan wí láàárín èrò.

Mo rí i tí ojú Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í dán. "Tíṣà Àgbà, ẹ rí i fúnra yín. Èmi gbà. Ọba ni kò gbà."

"Akọ̀wé, má bá mi ṣeré. O ti fi ẹnu ara rẹ sọ pé mo mú ọ."

"Èmi lẹ mú. Ẹ ò tíì mú ọba."

"Kò ní ibi tí yóò lọ mọ́!"

"Kò sọ pé òun fẹ́ lọ síbì kan, sà. Ilé rẹ̀ ló wà. Ní kóòtù wa, ẹni tó bá ṣì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọba náà, ó yí i padà, ó wo ìdí rẹ̀, ó sì kọjú sí mi. "Ta ló ṣe èyí?"

Ẹni tó bá ti ṣe ọmọ iṣẹ́ rí mọ irú ibi tí mo wà. Bí mo bá ní èmi ni, mo purọ́, mo sì ti fi ẹnu ara mi sọ pé n kò mọ iṣẹ́. Bí mo bá ní Ọ̀gá ni, mo ti fi ọ̀gá mi lé àwọn oníbàárà lọ́wọ́ níwájú gbogbo Ọ̀kà.

"Ilé iṣẹ́ wa ni, sà," ni mo wí.

"Mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ yín ni. Ọwọ́ ta ni?"

"Ilé iṣẹ́ wa ni, sà."

Ó wò mí bí ó ṣe máa ń wo ọmọ kíláàsì tó gbàgbé ìṣirò. "Mi ò gbà á," ó wí. "Gbé ọba méjèèjì padà, kí wọ́n gé ìdí wọn pẹlẹbẹ bíi ti àwọn yòókù."

Èyí kì í ṣe afẹ́fẹ́ mọ́. Èèyàn ló fẹ́ dá a padà, Ọ̀gá yóò sì kà á. Mo sì mọ Ọ̀gá. Yóò gé ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó tó gé ìdí ọba yẹn. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ọba náà lọ́wọ́ Tíṣà Àgbà, mo ń wo ọdún kan gbáko tí n ó fi máa gbẹ́ ẹ̀gún nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń kàwé.

Ìyá Múrí kò gbé ojú kúrò nínú ẹ̀wà rẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ yín yìí kò le o. Bí ọba kò bá fẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ọba dùbúlẹ̀."

Akọ̀wé yíjú sí i. "Ìyá Múrí, oúnjẹ ta lò ń ṣa yẹn?"

"Ti ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ ni," ó dáhùn. "Àbí ọba ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí wọ́n ti ká a mọ́? Ẹ̀yin lẹ gbé e débẹ̀."

Gbogbo èrò ní òótọ́ ni. Tíṣà Àgbà gbé ọba kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan, ojú rẹ̀ sì ti tú ká. "Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, ìyàwó. Akọ̀wé, ó yá."

Akọ̀wé wo ṣòkòtò rẹ̀ tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, ó wo ilẹ̀ eléruku, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Tíṣà Àgbà fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, ó ní kí ó máa pẹ́ láyé. "Iṣẹ́ yìí dára," ó wí fún mi. "Mo gbà á." Díẹ̀ ló kù kí èmi náà dọ̀bálẹ̀ ti Akọ̀wé.

Ṣùgbọ́n Akọ̀wé dìde, ó ń gbọn eruku. "Mo ti ṣe tèmi, sà. Sátidé tó ń bọ̀ ńkọ́? Bí mo bá mú yín, ẹ̀yin náà á wá dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Tíṣà Àgbà. Irun orí rẹ̀ ti funfun nígbà náà, ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kò sì kéré sí Akọ̀wé púpọ̀. "Èmi? Kí n dọ̀bálẹ̀ fún ìwọ?"

"Eré ni, sà."

"Kì í ṣe irú eré yẹn."

"Eré ni nígbà tí mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

"Ìwọ kéré sí mi! Ẹ dúró ná. Mi ò tíì gba iṣẹ́ yìí." Ó tún na ọwọ́ sí ọba.

Bí mo ṣe lanu, n kò mọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni mo wí, "ọba ló wà níbẹ̀. Gbogbo wa là ń ṣí fìlà fún ọba. Bí wọ́n bá mú yín, ẹ kàn ṣí fìlà fún ọba tó bá borí. Akọ̀wé kò sí nínú rẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ó rò ó. "Ọba Ọ̀kà?" ó bi mí, nítorí ọmọ Ìkàrẹ́ ni tọkàntọkàn.

"Ọba ni, sà."

"Fún ọba nìkan."

"Fún ọba nìkan," ni Akọ̀wé wí, ó sì rọra gbé orí rẹ̀ sún mọ́ ọba náà, bóyá kí díẹ̀ nínú ìkíni náà lè ta bá a.

Tíṣà Àgbà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo ọba náà pẹ̀lú, ọba sì mi orí sí i. "Ó dáa," ó wí. "Mo gbà á. Akọ̀wé, tún ère tò, kí n tún mú ọ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo dé Ìkàrẹ́ nígbà tí Ọ̀gá ń palẹ̀ mọ́. Ó wo agbọ̀n òfìfo tó wà lọ́wọ́ mi.

"Àwọn méjèèjì gbà á?"

"Wọ́n gbà á, sà."

"Ọba ńkọ́?"

"Wọ́n tì í, sà. Ó dìde."

Ọ̀gá mi orí. Ó gbá pàǹtí ẹ̀gún jọ díẹ̀. "Wọ́n bi ọ́ pé ta ló ṣe é?"

"Wọ́n bi mí, sà."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ilé iṣẹ́ wa ni."

Ó gbá pàǹtí náà títí ibẹ̀ fi mọ́, ó sì tún ń gbá a. "Jẹ́jẹ́," ó wí níkẹyìn. "Lọ sọ fún ìyá rẹ kó wá lọ́la."

Gbogbo wọn ti lọ báyìí, Ọ̀gá, Tíṣà Àgbà, Akọ̀wé àti Ìyá Múrí. Mo gbọ́ pé wọ́n ń ta eré náà títí ojú Tíṣà Àgbà fi di bàìbàì, àti pé kò sí ìgbà tí Akọ̀wé borí tí kò ní gbé orí rẹ̀ sún mọ́ ọba. N kò mọ ibi tí àwọn ère náà wọlẹ̀ sí. Ẹ̀gún àràbà kì í pẹ́ lọ títí, kòkòrò máa ń jẹ ẹ́. Òjé kì í jẹrà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wà níbì kan nínú ilẹ̀ Ọ̀kà, róbótó róbótó, tí ẹni tó bá hú wọn kò ní mọ ohun tí wọ́n gbé dúró rí.

Ìyá mi dé láti Ùgbè ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú iṣu àti ẹmu. Àwọn oníṣẹ́ ọnà díẹ̀ wá láti jẹ́rìí. Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú Ọ̀gá nínú ilé iṣẹ́, ó fi ọ̀bẹ rẹ̀ kàn mí léjìká, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà. Àdúrà náà gùn. Ó ṣe ti ọ̀nà, ó ṣe ti ìwé, ó ṣe ti aya àti ọmọ, ìyá mi ń ṣe àmín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí àdúrà parí, n kò mọ̀ pé ó parí. Mo ṣì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ojú mi nínú pàǹtí ẹ̀gún, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i pé èmi náà ń sunkún.

Ọ̀gá dúró títí. Ó wá fi ẹsẹ̀ tì mí díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo ti tì ọ́ báyìí," ó wí. "Ṣé òjé ìdí tìrẹ kò tó ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Mo dìde.